Ibi Tí Ilé Ti Kan Ilẹ̀: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Ọ̀fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì fi rélùwéè kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ HO sára páálí rẹ̀. Mo tò ó sórí odindi pílíwúùdù kan, ó sì ń rìn dáadáa. Ohun tó wù mí ni kí ó dà bí ìgbà tí rélùwéè ń gba ìlú wa kọjá: tẹ́ṣàn, ilé onípáànù, igi, ilẹ̀ pupa. Mo ti fi páálí kọ́ tẹ́ṣàn àti ilé méjì, mo sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun pílíwúùdù náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wò ó, wọ́n ní ó dà bí páálí bisikí tí wọ́n tò sórí tábìlì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi fọ́tò mẹ́rin kún un. Níbo ni mo ti ṣì í, kí sì ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yẹn, ojú wọn dá ṣáṣá. Mo wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí, mo sì fẹ̀ wọ́n lójú fóònù. Ọwọ́ yín tọ́. Ògiri yín dúró ṣánṣán, igun ilé yín sì pé. Ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ni ẹ ò tíì kọbi ara sí. Níbi tí ògiri ti kan ilẹ̀, mo rí òjìji dúdú tóóró kan tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò ó pé ńṣe la gbé ilé náà kalẹ̀, pé a sì lè gbé e kúrò nígbàkígbà. Níbi tí òrùlé ti kan ògiri, etí páálí nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Níbi tí irin ti kan ilẹ̀, ọ̀dà ni mo rí. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń fi páálí kọ́ ilé kékeré fún àwọn ayàwòrán ilé ní Ìlọrin níbí, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ ti rélùwéè fún ara mi. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ojú kì í dúró lórí àárín ògiri. Oríkèé ló máa ń lọ.

Ṣùgbọ́n ká tó dé ọ̀rọ̀ oríkèé, ìwọ̀n wà níbẹ̀, torí ilẹ̀kùn tẹ́ṣàn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọkọ̀ tó dúró níwájú rẹ̀. HO túmọ̀ sí 1:87, ìyẹn ni pé mítà kan lójú ayé di mìlímítà 11 àti ààbọ̀ lórí tábìlì yín. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 yóò jẹ́ mm 24. Ẹni tó ga ní mítà 1.7 kò ní tó mm 20. Ògiri mítà 3 yóò jẹ́ mm 34 àti ààbọ̀. Mo fi ọkọ̀ tó wà nínú fọ́tò kejì wọn ilẹ̀kùn yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mm 36. Òmìrán tó ga ju mítà mẹ́ta lọ ló lè nílò irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Látòní lọ, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kọ́, ẹ fi téèpù wọn ti gidi ní mìlímítà, kí ẹ pín in sí 87 lórí fóònù yín. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kí ẹ tó gé ògiri, torí gbogbo ènìyàn ló mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ga sí ara tirẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti tọ̀nà, àṣìṣe kékeré ní ibòmíràn kì í hàn.

Ẹni tó bá mọ rélùwéè dáadáa lè bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó má bàa bá yín lójijì. Irin tó gba Ọ̀fà kọjá, tó ti dé Òṣogbo ní 1907, tó sì dé Ìlọrin ní 1908, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ló wà láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn mm 1,067. Ti Jámánì jẹ́ mm 1,435, bẹ́ẹ̀ náà ni irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Irin inú páálí yín jẹ́ mm 16.5, torí 1,435 ni wọ́n pín sí 87. Tiwa, tí a bá pín in sí 87, mm 12 àti díẹ̀ ni yóò jẹ́. Irin yín fẹ̀ ju ti Ọ̀fà lọ nìyẹn. Ní New Zealand àti Queensland, níbi tí irin wọn ti jẹ́ mm 1,067 bíi tiwa, ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń dá: wọ́n á lo irin mm 16.5 yìí kan náà, wọ́n á sì kọ́ gbogbo nǹkan yòókù ní 1:64. Ẹ pín 1,067 sí 64, ẹ óò rí 16.7. Èmi náà, 1:64 ni mo ń lò, inú mi sì ń dùn sí i gan-an. Síbẹ̀ n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí, nítorí ẹ óò ní láti fi ọwọ́ ara yín kọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ yóò sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bí ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Ẹ dúró sí 1:87. Ọkọ̀ ni ojú fi ń díwọ̀n ilé. Ẹni tó ń díwọ̀n àárín irin kò pọ̀.

Pílíwúùdù yín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, jẹ́ nǹkan bí mítà 212 sí 106 lójú ayé. Kò lè gba Ọ̀fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbìyànjú láti kó ààfin Ọlọ́fà, ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ilé-ẹ̀kọ́ yín sí i. Tẹ́ṣàn, ilé ìkẹ́rù kan, petẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan àti agboolé kékeré kan tó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbalasa wà láàárín wọn, torí ilẹ̀ gbalasa ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ ní ibi tí yóò gbà. Ohun kejì ni ibi tí irin yín ti ṣẹ́rí. Lórí pílíwúùdù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kọ́nà yẹn le ju èyí tí rélùwéè gidi kan lè gbà lọ, ojú ò sì ní gbà á. Ẹ fi òkè àpáta bíi Sóbí ti Ìlọrin bo ọ̀kan, kí ẹ fi igi àti ẹ̀yìn ilé bo èkejì. Tí ọkọ̀ bá wọ ẹ̀yìn àpáta, tó tún yọ lódì kejì, ọkàn ẹni tó ń wò ó á parí ìrìn náà fún un.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ilẹ̀: oṣù wo ni? Pílíwúùdù yín tutù yọ̀yọ̀ láti igun dé igun, kò sì sí oṣù tí Ọ̀fà rí bẹ́ẹ̀. Kódà nínú oṣù kẹsàn-án, tí koríko ga dé ejìká, ojú ọ̀nà pupa, iwájú ilé pupa, ẹ̀bá irin pupa. Èmi á mú ìparí oṣù kọkànlá. Òjò ti lọ, koríko ti ń pọ́n bí oyin, ewé mángòrò ṣì dúdú dáadáa, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù kìn-ín-ní lẹ fẹ́, ẹ ní láti fi ibi tí wọ́n ti sun igbó sí i, dúdú pẹ̀lú eérú, kí àwọ̀ gbogbo ilé sì ṣá. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sára ògiri yàrá yín kí ẹ má bàa fi koríko oṣù kẹfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi oṣù kejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ilẹ̀. Ẹ kó àwọn ilé yẹn kúrò ná. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì nínú páálí ni kí ẹ wá, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ a máa dà á nù. Ẹ fi gúlù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ pílíwúùdù. Gúlù àwọn ṣobàtà á jẹ fóòmù náà dànù lójú yín, ọ̀dà oníspréè náà á sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú irin gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí àwọn tó la irin gidi kò fẹ́ kí omi dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé fóòmù náà kí ó rọra dà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ gbẹ́ gọ́tà tóóró síbi tí ó parí sí. Ẹ jẹ́ kí iwájú ilé dà sí ọ̀nà gọ́tà, kí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gé kọjá láti agboolé sí tẹ́ṣàn, torí kò sí ìlú tí àwọn ènìyàn kì í ti í yà lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú gúlù funfun tí ẹ fi omi là, kí ẹ fi bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan.

Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ máa lò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ lọ bù ú lẹ́bàá tẹ́ṣàn Ọ̀fà gan-an. Kò sí ọ̀dà tí wọ́n ń tà níbikíbi tó lè mú àwọ̀ yẹn, mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn, lẹ́yìn náà kí ẹ yan án nínú àgbada gbígbẹ bíi pé ẹ ń yan gàrí, kí ẹyin kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè kú. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi asẹ́ ògì jọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó kàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe: ẹ fi nylon wé òòfà kan, òòfà ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ dára, kí ẹ máa fà á káàkiri inú yẹ̀pẹ̀ náà. Irin ló jẹ́ kí ilẹ̀ wa pọ́n, díẹ̀ nínú hóró rẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé òòfà. Mọ́tò inú ọkọ̀ yín ní òòfà nínú. Tí ẹ kò bá yọ àwọn hóró yẹn kúrò, ọkọ̀ á máa fà wọ́n mọ́ra bó ṣe ń kọjá títí eyín jíà rẹ̀ á fi há. Yóò yà yín lẹ́nu bí ohun tí òòfà náà máa kó ṣe pọ̀ tó.

Ẹ fi ọ̀dà pupa rúsúrúsú kun ilẹ̀ náà ná, kí funfun má bàa yọjú. Ẹ fi gúlù pa á, ẹ fi asẹ́ wọ́n yẹ̀pẹ̀ sí i, kí ẹ fi ìgò tó ń fọ́n omi wẹ́wẹ́ rọ̀ ọ́ lómi. Ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan sínú omi náà. Láìsí ọṣẹ, omi á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí eruku, á sì máa gbá yẹ̀pẹ̀ kiri. Tí ó bá gbẹ, ẹ óò rí i pé ó dúdú ju bí ó ti yẹ lọ. Gúlù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ po yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ mọ́ eérú funfun, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a sórí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ jù, bí ojú ọ̀nà àti iwájú ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló máa ń funfun jù lójú ayé.

Òkúta abẹ́ irin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Eruku òkúta tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ rà, kí ẹ jọ̀ ọ́ títí yóò fi rí bíi gàrí tó kúnná. Mo mọ ẹni tó lo gàrí fúnra rẹ̀, eku jẹ irin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó gbígbẹ sáàárín irin, kí ó má gun orí irin, ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ rọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi sírínjì kán gúlù tí ẹ fi omi ìlọ́po méjì là sí i. Níbi tí irin ti ń pínyà, ẹ má kán gúlù kankan síbẹ̀, á há. Kí ẹ nu orí irin kí gúlù tó gbẹ, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà dé inú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé. Ẹ má gbé e lé ilẹ̀, ẹ rì í. Ẹ fi bírò fa ìlà yí ìdí ilé náà ká lórí fóòmù, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wọlé ní mm 3, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri yín gùn sí i ní mm 3 láti ìsàlẹ̀. Ilé náà á wọ inú kòtò yẹn bí eyín ṣe ń wọ erìgì. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ àti gúlù dí etí rẹ̀. Òjìji tóóró yẹn á parẹ́. Èyí nìkan, ká ní ẹ kò ṣe ohun mìíràn, á pa ìdajì ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí òjò ń ṣe níbẹ̀ wò. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ rìn yí ilé àtijọ́ kan ká. Omi tó ń bọ́ láti etí páànù máa ń gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rò á fa ìlà kan tó bá etí òrùlé dọ́gba, yanrìn funfun á sì kù sínú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa á ta sókè sára ògiri dé orúnkún. Orúnkún lójú ayé jẹ́ mm 5 tàbí 6 lórí tábìlì yín. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle tí ẹ ti nù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ gbá àwọ̀ pupa sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí ó le nísàlẹ̀, kí ó máa ṣá lọ sókè. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ fa ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ní ẹ̀yìn ilé níbi tí oòrùn kì í dé, ẹ fi àwọ̀ ewé dúdú díẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ewédò máa ń hù. Níbi tí àgbàrá ti ń gbé ilẹ̀ lọ, ìpìlẹ̀ ilé máa ń yọ síta, onílé á wá fi òkúta kan ṣe àtẹ̀gùn síwájú ilẹ̀kùn. Ẹ fi òkúta yẹn síbẹ̀. Ilé tí ó ní òkúta yẹn níwájú ti pẹ́ níbi tó wà, ojú á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó mọ ìdí rẹ̀.

Fún ògiri, ẹ lo páálí líle mm 2 tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ nípa ilé yíyà máa ń lò. Ní 1:87, mm 2 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17, ó sún mọ́ búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà. Ṣùgbọ́n petẹ́ẹ̀sì alámọ̀ àtijọ́ nípọn tó ìlọ́po méjì ìyẹn, nítorí náà ẹ lẹ páálí méjì pọ̀. Ojú fèrèsé ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn: nínú ilé alámọ̀, fèrèsé onípákó máa ń wọlé sínú ògiri, òjìji sì máa ń wà lókè rẹ̀. Tí ẹ bá ń gé ojú fèrèsé, ẹ lo abẹ tuntun, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìgbà mẹ́jọ pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́ sàn ju ìgbà kan pẹ̀lú agbára lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìwé tí wọ́n ya bíríkì sí fún yín. Ilé tiwa, rírẹ́ ni wọ́n rẹ́ ẹ. Ẹ po pí-ò-pí díẹ̀ mọ́ gúlù funfun àti omi, kí ẹ fi ìka pa á, ó sàn kí ó má tẹ́jú jù. Ó tún máa bo ojú ibi tí páálí ti pàdé ní igun, oríkèé mìíràn tó máa ń tú àṣírí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí rírẹ́ náà dà bí ẹni pé ó ti ń ṣí, kí amọ̀ máa yọ lábẹ́, ẹ fi àwọ̀ amọ̀ kun gbogbo ògiri, kí ó gbẹ. Ẹ fi omi pa ibi tí ẹ fẹ́ kó ṣí, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ wá fi ọ̀dà òkè kun ún. Tí ìyẹn bá gbẹ tán, ẹ fi ìka ho iyọ̀ náà kúrò. Ọ̀dà òkè á bá a ṣí. Kí ọ̀dà yín sì fi díẹ̀ funfun ju ti ilé gidi lọ. Ilé tí a bá ń wò lókèèrè máa ń ṣá lójú wa, ilé kékeré sì dà bí ilé tó wà lókèèrè. Ọ̀dà tó bá ti gidi mu gẹ́lẹ́ á dúdú jù lórí tábìlì.

Kun inú, kun ìta. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú dáadáa. Nígbà kan, mo kọ́ ilé ìkẹ́rù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, mo fi oṣù méjì ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìta nìkan ni mo kùn. Nígbà tí òjò oṣù karùn-ún dé, páálí náà mu ọ̀rinrin láti inú, ìta kò lè nà bá a, gbogbo ògiri náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Kò sí bí mo ṣe lè tún un ṣe. Ojú méjèèjì àti etí páálí ni kí ẹ kùn kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kí inú sì jẹ́ dúdú, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá fi gílóòbù kékeré sínú tẹ́ṣàn, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ lábẹ́ òrùlé àti ní igun, á sì sọ ilé yín di àtùpà.

Òrùlé ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti wo Ọ̀fà tàbí Ìlọrin láti orí petẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé páànù ni ìlú, ògiri ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sì ń wo tábìlì yín, láti òkè ló ti ń wò ó, òrùlé ló máa kọ́kọ́ rí. Ìlà kan sí èkejì lára páànù gidi jẹ́ nǹkan bíi mm 76. Ẹ pín in sí 87, kò tó mm 1. Báwo lẹ ṣe máa tẹ ìlà tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wá wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ nínú. Ẹ má bó rọ́bà ara wọn. Wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ sún mọ́ mm 0.9, bíi pé wọ́n ṣe é fún HO. Ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, nǹkan bí ọgbọ̀n, kí ẹ lẹ̀ wọ́n sórí pákó kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n fara kanra. Ẹ gé abọ́ fọ́ìlì tí wọ́n ń fi ta oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí wáyà, kí ẹ fi bírò tí kò ní yíǹkì mọ́ fa gbogbo kòtò tó wà láàárín wáyà kan sí èkejì. Páànù á jáde.

Ẹ má fi ìwé fọ́ìlì kan ṣoṣo bo gbogbo òrùlé. Ẹ gé e bí wọ́n ṣe ń gé páànù gidi, mm 28 ní gígùn, mm 8 ní fífẹ̀, kí ẹ máa to wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ọ̀kan gun èkejì ní ìlà kan. Ó máa gba àkókò. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin fún ilé kan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Kí etí páànù yọ kọjá ògiri ní mm 6 tàbí 7, kí ẹ sì lẹ igi tín-ín-rín mélòó kan sábẹ́ rẹ̀, torí òjìji abẹ́ etí òrùlé ni yóò pa nínípọn páálí tí mo rí nínú fọ́tò yín rẹ́.

Ọ̀dà olómi kì í di fọ́ìlì mú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà eérú tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ kun páànù yín ní ìta gbangba, kí ẹ tó gbé e sún mọ́ fóòmù. Nígbà tó bá kan dídípẹtà, ẹ má wá àwọ̀ kan. Kò sí òrùlé kan ní ìlú wa tí gbogbo páànù rẹ̀ jọ ń dípẹtà lọ́jọ́ kan náà. Ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á tẹ̀lé ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, torí omi máa ń dúró síbẹ̀, kí ó tó wá tàn kálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páànù kan ṣì máa dán, kí ẹnì kejì rẹ̀ pupa bí ilẹ̀, kí ẹ̀kẹta dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ jọ̀ àti èédú tí ẹ lọ̀ tó fún gbogbo rẹ̀, tí ẹ bá ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọ̀dà kò tíì gbẹ tán. Ẹ gbé táyà àtijọ́ kan tàbí òkúta méjì lé ibi tí atẹ́gùn ti lè ṣí i.

Koríko: kàn-ìn-kàn-ìn tí a fi ń wẹ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ àwọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀. Ẹ gé e sí mm 8 dé 12, ẹ di í ní ìdìpọ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ fi gúlù rì í sẹ́bàá gọ́tà àti ìdí igi, kì í ṣe káàkiri. Igi mángòrò tàbí igi igbá: wáyà bàbà tí ẹ lọ́ pọ̀, ẹ ya ẹ̀ka rẹ̀, ẹ fi ìwé tíṣù àti gúlù wé e, kí ẹ fi fóòmù ibùsùn tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tí ẹ sì pa láró aláwọ̀ ewé ṣe ewé rẹ̀. Igi mángòrò ńlá á tó sẹ̀ǹtímítà 13 tàbí 14. Ẹ má ṣe é kékeré, igi tó kúrú jù ló wọ́pọ̀ jù lórí irú tábìlì báyìí. Ọ̀pẹ: ìyẹ́ adìyẹ tí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Ẹ má lo ògì tàbí lẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun láti lẹ ohunkóhun. Aáyán á jẹ ẹ́ lóru, wọ́n jẹ òrùlé ilé àkọ́kọ́ mi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì mọ́tò àlòkù sí, nítorí ikán. Nígbà ọyẹ́, aṣọ ìbora kan lórí gbogbo rẹ̀ ní alaalẹ́. Pákó máa ń sún kì nínú ọyẹ́, irin kì í sún kì bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá rí i nínú oṣù kejìlá pé irin ti ń wọ́, ẹ má dá ọkọ̀ lẹ́bi. Ẹ fi ayùn tín-ín-rín la àyè bí ìwé méjì síbi tí irin kan ti pàdé èkejì.

Tẹ́ṣàn tí ẹ ti kọ́ yẹn, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e sẹ́yìn pátápátá, níbi tí òkè máa wà, kí ẹ gé ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú, á di ilé ìkẹ́rù. Fún tuntun, ẹ lọ sí tẹ́ṣàn ní òwúrọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹ wọn ilẹ̀kùn, fèrèsé, gíga ògiri àti bí etí òrùlé ṣe yọ tó. Ẹ ya fọ́tò ìdí ògiri ju iwájú ilé lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí bisikí lásán gé e, láìkun ohunkóhun, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkọ̀ máa kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ibi tí ojú ènìyàn mm 20 máa wà, kí ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gé páálí líle.